Orógbó Méje Tí Mo Sè Mọ́ Iṣu

Orógbó méje ni mo sè mọ́ iṣu kí n tó gbìn wọ́n. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ tí yóò fi dùn létí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kó wọn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, iṣu bò wọ́n mọ́lẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n hó títí iṣu fi jinná. Lẹ́yìn náà mo yọ wọ́n, mo fi omi tútù fọ̀ wọ́n, mo kó wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì gbìn wọ́n ní ìlà kan tó gún régé níṣojú ìyá bàbá mi, ẹni tó dúró tì mí tó ń sọ pé, "Akin, o káre." Ó lé ní ọdún kan tí obìnrin yẹn fi ń bomi rin orógbó tó ti jinná. Àràárọ̀ ni mo ń wò ó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èyí tó ń kàwé ní yunifásítì níbí, ló hú ọ̀rọ̀ yìí jáde. Ó wá kí mi ní ọjọ́ Sátidé kan pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní olùkọ́ wọn rán wọn kí wọ́n lọ wá àwọn igi ilẹ̀ wa tí a ń jẹ kóró wọn, kí wọ́n mọ iye tó kù nínú agboolé àti ẹni tó gbìn wọ́n, nítorí pé àwọn igi bẹ́ẹ̀ ló lè gba ìlú lọ́wọ́ ebi lọ́dún tí òjò bá kọ̀ tàbí tí ọjà bá gbẹ. Ó sọ ọ́ dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pé mo ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó wá dúró lábẹ́ igi orógbó tó wà lẹ́yìn ilé, ó ní, "Bàbá Kékeré, ta ló gbin eléyìí?" Mo ní kó lọ gbé àga wá. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kò ní ọ̀rọ̀ yunifásítì kankan lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn, èmi nìkan ló kù láyé tó lè dáhùn rẹ̀, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni Àkúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun. Ìbàdàn ni bàbá mi ti ń ṣe akọ̀wé tẹ́lẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni. Nígbà tí wọ́n pín ìpínlẹ̀, wọ́n ní kí oníkálukú máa lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, bí wọ́n ṣe kó òun àti fáìlì rẹ̀ wá sí Àkúrẹ́ nìyẹn. A kò rí ilé háyà, nítorí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń wá ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ Àkúrẹ́ ni ìyá mi, a bá kó wọ agboolé àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ìsìkàn. Òun la ń pè ní Bàbá Ìsìkàn: bàbá gíga kan tí orín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, tí ń pe ilé ní "ulé" tí ń pe iṣu ní "usu", tó sì gbà pé àwa tí a dé láti Ìbàdàn la ń sọ ọ́ sódì. Tí mo bá di ojú mi báyìí, ariwo agboolé náà ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Òòlù káfíńtà ń ró ní gbogbo àdúgbò, wọ́n ń kan páànù tuntun. Katapílà ń kùn níbi tí wọ́n ti ń la títì. Rédíò Bàbá Ìsìkàn ń ṣe ṣàà, ṣàà, ó máa ń ṣe ṣàà ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni wàá wá gbọ́ kò, kò, kò, lábẹ́ ògiri ilé ìdáná: Ìyá Oǹdó ló jókòó sórí àpótí, tó ń fi àdá kékeré la kóró òro sí méjì láti yọ àpọ̀n inú rẹ̀.

Ìyá Oǹdó ni ìyá tó bí bàbá mi. Bàbá mi lọ mú un wá láti Oǹdó nítorí pé orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó dá gbé mọ́. Ọjọ́ tó dé, kò tíì mu omi tó fi gbójú sókè, ó wo òkè agboolé náà láti igun kan dé èkejì bí ẹni tó sọ nǹkan nù sójú ọ̀run.

Ó ní, "Kí ló máa ń já bọ́ nínú ilé yín yìí?"

Bàbá Ìsìkàn ní, "Páànù. Tí ìjì bá jà."

"Oúnjẹ ni mò ń bèèrè, àna mi."

"Ní Àkúrẹ́ níbí, ọjà la ti ń ra oúnjẹ. Bóyá ti Oǹdó ló ń ti òkè bọ̀."

Kò bínú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ti Oǹdó ń ti òkè bọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ. Òro ló ń kọ́kọ́ já bọ́ nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ilẹ̀. Kí iṣu tuntun tó dé, tí àká bá ti ṣófo, awùsá náà ti ń já. Orógbó ń tẹ̀ lé e, tí òjò bá sì fẹ́ dáwọ́ dúró, obì àbàtà dé. Kò sẹ́ni tó ń kọ ebè fún wọn, kò sẹ́ni tó ń ro oko wọn, arúgbó tí kò lè gun nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀, á ṣà. Ó ní kòkó dára, ó ti rán ọmọ lọ síléèwé, ṣùgbọ́n nígbà tí iye owó kòkó bá wálẹ̀, ẹnìkan kì í se kòkó lọ́bẹ̀. Bàbá Ìsìkàn yọ orín lẹ́nu, ó tutọ́, ó ní obìnrin yìí yóò sọ agboolé òun di igbó. Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ báyìí pé ọ̀rọ̀ náà dé ikùn rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé yẹn, ó ti ń rò ó láti kọ́ yàrá síbẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wá ilé.

Àwọn ẹrù tó bá Ìyá Oǹdó dé kò ju mẹ́ta lọ: àpótí aṣọ, àpò kóró òro gbígbẹ kan tí àpọ̀n ṣì wà nínú rẹ̀, àti apẹ̀rẹ̀ èso orógbó tó ṣà lábẹ́ igi tirẹ̀ ní Oǹdó. Bàbá ìyá rẹ̀ ló gbin igi náà. Ó da èso náà sẹ́yìn ilé kó lè rà, oje rẹ̀ pọ́n bí epo, ó sì ń yún wa lọ́wọ́ nígbà tó ní ká wá fọ̀ ọ́. Èyí tó pọ̀ jù la jẹ, tàbí tí ó fi ta àlejò lọ́rẹ. Ó ṣa méje tó tóbi jù lọ sọ́tọ̀, ó dì wọ́n sínú aṣọ, ó gbé wọn lé mi lọ́wọ́. Ó ní lọ́la ni n ó gbìn wọ́n, nítorí ọwọ́ ọmọdé tutù, ilẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Inú mi dùn. Ó dùn títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Bàbá Ìsìkàn pè mí sídìí rédíò.

"Ìwọ ni wọ́n ní kó o gbin orógbó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ẹ̀rù kí ni, Bàbá?"

"Ọjọ́ tó bá so ni ẹni tó gbìn ín máa ń lọ."

"Síbo, Bàbá?"

Ó fi orín tọ́ka sílẹ̀, láàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Ó wá yí rédíò rẹ̀ sókè.

Mo rò pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ọmọ mìíràn ì bá ti lọ bá ìyá rẹ̀, ì bá ti sunkún, wọn ì bá ti rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán. Èmi rò pé ọgbọ́n wà lórí mi. N kò lè kọ iṣẹ́ àgbà, n kò sì fẹ́ kú. Mo wá rántí pé ẹ̀pà tí ìyá mi ń sè, bó o bá gbìn ín títí ayé, kò ní hù. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí ìyá mi gbé iṣu kaná tó ní kí n máa ṣọ́ iná, mo yọ bíbẹ́ iṣu bíi mélòó kan, mo kó orógbó méje sísàlẹ̀, mo dá iṣu padà sórí wọn.

Ohun tí n kò rò ni pé nǹkan kíkorò á mú nǹkan tó bá bá gbénú ìkòkò korò. Bàbá mi bu iṣu àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó dúró. "Iṣu yìí korò." Ìyá mi tọ́ ọ wò, ó ní iṣu tuntun ni, ará Ìjù ló tà á fún òun láàárọ̀ yìí. Bàbá Ìsìkàn ní òun ti mọ̀, pé láti ìgbà tí àwọn ará Ìjù ti gbọ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń ra usu, èyí tí ẹlẹ́dẹ̀ wọn bá kọ̀ ni wọ́n ń gbé wá. Ìyá mi gbé èyí tó kù ru, ó lọ bá oníṣu. A gbọ́ pé obìnrin náà bú sẹ́kún níwájú ọjà, pé iṣu òun kò korò rí, ti ìyá òun kò sì korò rí. Fún oṣù mẹ́ta ni wọn kò fi kí ara wọn. Èmi ni mo jẹ iṣu náà jù. Mo jẹ tèmi, mo tún jẹ ti ẹlòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà wò mí lójú. Ìyá Oǹdó rọra ń jẹ tirẹ̀, kò ráhùn. Ó kàn ní, "Ó jọ nǹkan kan lẹ́nu mi," ó sì ń wo ògiri.

Ìyà tó wá jẹ mí lẹ́yìn ìyẹn kò ní ariwo rárá. Orógbó kì í kánjú. Ó lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ kó tó yọ ojú, gbogbo ará Oǹdó ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Láràárọ̀, Ìyá Oǹdó á bọ́jú, á tọ́jú omi tó kù sínú igbá, á fi ọ̀pá rìn dé ẹ̀yìnkùlé, á pín omi náà sí méje. Ó wé imọ̀ ọ̀pẹ yí ìlà náà ká nítorí ewúrẹ́. Ó bá ewúrẹ́ jà, ó bá adìyẹ jà, ó bá Bàbá Ìsìkàn jà lọ́jọ́ tó gbé bíríkì méjì síbẹ̀ bíi ẹni tó ṣèèṣì. Èmi ni mo ń gbé igbá tẹ̀ lé e. Á ní, "Akin, má kánjú. Wọ́n ń ronú ni." Mo mọ̀ pé wọn kò ronú. Ó rẹ̀ mí bíi pé èmi ni wọ́n sè.

Nígbà ọyẹ́ ni lẹ́tà dé láti Oǹdó. Bàbá mi kà á fún un nídìí tábìlì, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bó ṣe ń kà. Àwọn ọmọ ilé ti gé igi orógbó náà, wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, títì ti dé iwájú ilé. Ìyá Oǹdó kò sunkún. Ó bèèrè ẹni tó ra pákó rẹ̀. Bàbá mi ní wọn kò kọ ìyẹn. Ó dìde, ó ní, "Ó ku àwọn méje wa, àbí?" Èmi ló kọjú sí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ó lọ bomi rin wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti bomi rin wọ́n láàárọ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, kí iṣu tuntun tó dé, oúnjẹ wọ́n ní Àkúrẹ́. Ẹnu ti pọ̀ nílùú ju oko lọ. Búrẹ́dì tí bàbá mi ń fi yangàn di ohun tí wọ́n ń tò fún, ìrẹsì kò dé, iṣu sì di nǹkan tí a ń wò lórí igbá tí a ń kọjá. Àpò àpọ̀n Ìyá Oǹdó ló gbé wa dé òdìkejì. Á gún un, á sè é pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, a ó fi jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án, a ó tún fi jẹ ẹ̀bà lálẹ́. Ó sú mi. Ọbẹ̀ náà ń fà láti inú abọ́ dé ẹnu mi, mo rò pé ó fà láti Ìsìkàn dé Oǹdó. Bàbá Ìsìkàn náà ń gbé abọ́ tirẹ̀ wá, kò sọ̀rọ̀ páànù mọ́. Lọ́jọ́ kan ó lá abọ́ rẹ̀ tán, ó ní, "Àna mi, ìwọ̀nyí tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn yẹn, wọn ò tíì hù?" Ìyá Oǹdó ní wọn yóò hù. Bàbá Ìsìkàn ní ó dáa, òun ti kó bíríkì òun kúrò. Mo gbé abọ́ mi jáde lọ jẹun lẹ́yìn ilé ìdáná. Nínú gbogbo ọdún yẹn, ibẹ̀ ni ojú ti tì mí jù.

Nígbà tí òjò fẹ́ dáwọ́ dúró, Ìyá Oǹdó ní òun fẹ́ lọ wo ibi tí igi òun wà, kí n tẹ̀ lé òun. A wọ mọ́tò Oǹdó, ó di ọwọ́ mi mú títí a fi dé. Ibi tí igi náà wà, bíríkì ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kùkùté náà wà láàárín, èérún pákó ti dúdú yí i ká. Ṣọ́ọ̀bù kò tíì ga ju orúnkún lọ. Ìyá Oǹdó jókòó sórí bíríkì. Ó wo kùkùté náà pẹ́. Ó wá ní, "Ọlọ́run ṣeun, àwọn méje wa wà ní Àkúrẹ́."

N kò lè gbà á mọ́. Mo ní, "Ìyá, mo sè wọ́n."

"O ṣe wọ́n báwo?"

"Mo sè wọ́n. Wọ́n jinná. Kí n tó gbìn wọ́n."

Ó wò mí. "Méjèèje?"

"Méjèèje, Ìyá."

"Inú kí lo sè wọ́n sí?"

"Inú ìkòkò iṣu."

Mo rò pé yóò fi ọ̀pá rẹ̀ gbá mi, mo sì ń dúró dè é, ì bá tilẹ̀ tù mí lára. Èjìká rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni. "Mo ní mo mọ ìkorò yẹn. Yéè, ọmọbìnrin Ìjù yẹn, wọ́n mà fi ìyà jẹ ẹ́ o." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà kò sì dá nígbà tí ẹ̀rín dá. Ó bi mí léèrè ìdí rẹ̀, mo ro ọ̀rọ̀ Bàbá Ìsìkàn fún un. Ó ní, "Bàbá ìyá mi ló gbin eléyìí. Ó jẹ èso rẹ̀ títí eyín fi tán lẹ́nu rẹ̀, ó wá ń bẹ̀ wá ká bá òun lọ̀ ọ́." Ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ẹ̀rù ọ̀hún kò kúrò.

Ìyá Bọ́lá, ìyàwó àbúrò bàbá mi, ló gbọ́ ohùn wa tó jáde láti inú ilé. Ìyá Oǹdó sọ fún un pé a ń wá orógbó tí a ó gbìn. Ó ní àwọn ọmọ ti jẹ èyí tí wọ́n rí tán lọ́dún tó kọjá, àfi tí a bá fẹ́ wo àwọn nǹkan wérewère kan tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yanrìn, tí òun ti fẹ́ ro dànù látọjọ́ yìí. Ìyá Oǹdó kò dúró de ọ̀pá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ lọ síbẹ̀ lórí ilẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n: ọ̀pá tín-ín-rín, ewé méjì méjì tó ń dán. Ó fi ìka yẹ ìdí ọ̀kan wò, kóró orógbó ṣì wà níbẹ̀ ní odindi. Ó ní, "Àwọn ẹgbẹ́ wọn nìyí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ já bọ́." Nígbà tí mò ń fi ọwọ́ gbẹ́ wọn pẹ̀lú erùpẹ̀ sínú agolo mílíìkì, mo ń sunkún, Ìyá Bọ́lá sì ń bèèrè pé ta ló na ọmọ.

Ewúrẹ́ jẹ ọ̀kan, èkejì rọ. Ẹ̀kẹta ni igi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró sábẹ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọkùnrin, ẹ gbọ́ tèmi: lọ́dún tó kọ́kọ́ so, mo ti ní ìyàwó, mo ti ní ọmọ méjì. Ìyàwó mi mú èso kan wọlé, ó ní, "Bàbá Bùnmi, orógbó yín ti so." Mo ní mo rántí iṣẹ́ kan ní Ìgbàrà-Òkè. N kò ní iṣẹ́ kankan ní Ìgbàrà-Òkè. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀ nílé ọ̀rẹ́ kan, mò ń fi ọwọ́ kan àyà mi wò bóyá ó ṣì ń lù. Ohun tó mú mi wọ bọ́ọ̀sì padà sílé ni pé mo rántí ọjọ́ tí a gbin igi náà, àti bí ọ̀rọ̀ ṣe parí lọ́jọ́ yẹn.

A ti gbẹ́ ihò. Mo gbé agolo dání, erùpẹ̀ ń dà sílẹ̀. Bàbá Ìsìkàn gbé àga rẹ̀ wá síbẹ̀ láti wòran. Ó ní, "Eléyìí tó ti hù tẹ́lẹ̀, àna mi, ọrùn ta ni wọn ó kà á sí? Ẹni tí èso já bọ́ níwájú rẹ̀ ni, àbí ẹni tó lọ́ ọ wá síbí?" Mo fà sẹ́yìn kúrò nídìí ihò náà. Ìyá Oǹdó gba agolo lọ́wọ́ mi. Ó pẹ́ kó tó kúnlẹ̀, nítorí orúnkún rẹ̀, ó sì gbìn ín fúnra rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ erùpẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Ó wá nawọ́ sí mi kí n gbé òun dìde, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè kí Bàbá Ìsìkàn lè gbọ́, ó ní:

"Akin, tìrẹ ni omi. Èmi ni mo gbìn ín. Lọ́jọ́ tó bá so, tó bá ń bi yín léèrè ẹni tó gbìn ín, ẹ sọ fún un pé kó na gbòǹgbò rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i. N ó ti wà níbẹ̀."